Ilé àtijọ́ ní Abẹ́òkúta: ẹnu àgbà, àpótí ìwé, ọ́fíìsì ilẹ̀ tàbí ilé-ẹjọ́, èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ̀ lọ?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ilé àtijọ́ kan ní Abẹ́òkúta, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni kó gba ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ ní Òkè-Mosàn, kó sanwó, kí wọ́n bá a wá fáìlì yọ. Fún ilé tí wọ́n kọ́ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ìyẹn lè tó. Ṣùgbọ́n fún ilé alámọ̀ onípáànù tó ti dípẹtà ní Ìkẹ̀rẹ̀kú, tàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Sierra Leone, kọ́ ní apá Aké àti Ìgbẹ̀ìn, ibẹ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn. Ilé ibẹ̀ dàgbà ju ìwé lọ. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, ilẹ̀ ti ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ó ti ti ọwọ́ ẹbí bọ́ sọ́wọ́ àna àti ọ̀rẹ́, wọ́n ti ta òmíràn, wọ́n ti fi òmíràn dúró fún gbèsè, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì kan rẹ́jísítà ìjọba rárá.

Kí ẹ tó yan ọ̀nà, ẹ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ìtàn ilẹ̀ kì í ṣe ìtàn ilé. Ẹbí lè ti ni ilẹ̀ látayé àwọn tó tẹ̀dó, kí ọmọ wọn kan tó lọ ṣòwò ní Èkó wá kọ́lé sórí rẹ̀ ní nǹkan bí 1930, kí àwọn ọmọ tirẹ̀ náà sì tún wó ẹ̀yìn ilé náà kọ́ lẹ́yìn òmìnira. Ìwé ilẹ̀ máa ń sọ ẹni tó gba ilẹ̀ àti ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sábà sọ ẹni tó po amọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́lé, ẹ má retí pé rẹ́jísítà ló máa dáhùn.

Ẹnu àgbà

Òun ló yá jù, òun ló sì dínwó jù. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, òun nìkan ló lè dé ẹ̀yìn ọdún 1900. Ibi tó kù sí ni ọdún gan-an. Àwọn àgbà wa kì í fi kàlẹ́ńdà ka ọjọ́, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Nítorí náà ẹ má bi wọ́n pé ọdún wo ni. Ẹ bi wọ́n pé: “Ṣé ilé yìí ti wà kí Aláké tó lọ Òṣogbo?” Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo ní 1948, nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde lórí ọ̀rọ̀ owó orí, ó sì padà sílé ní 1950. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ti pín ìdajì ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ogun Àdùbí wà níbẹ̀, 1918 nìyẹn. Ìfọ́lé, tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé míṣọ́n tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, jẹ́ 1867. Ogun Dàhòmì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 1851 àti 1864. Àwọn tí kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ náà ní àmì tiwọn: mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ní oṣù kẹrin 1972, náírà sì rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù kìíní 1973. Àgbà tó bá sọ pé “owó òyìnbó ni bàbá mi fi ra páànù yẹn” ti fún yín ní ààlà kan láìmọ̀.

Ẹ̀rù máa ń ba ilé bí wọ́n bá rí àjèjì pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni: “Ta ló rán ọ, ọmọ mi? Ṣé wọ́n fẹ́ ta ilé ni?” Wọ́n sì ní ìdí tó dára láti bèèrè, nítorí ọ̀pọ̀ ìjà ilẹ̀ nílùú wa bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọmọ ilé kan tó lọ ṣe ìwádìí ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ gba ọ̀dọ̀ olórí ẹbí wọlé. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe ní gbangba, lójú àwọn ìdí igi tó kù, kí ó má baà dà bí ẹni pé ìdí igi kan ṣoṣo ló ń kó ìtàn jọ fún ara wọn. Kí ẹ sì wá àwọn obìnrin ilé rí, pàápàá àwọn ìyá àgbà tí wọ́n bí sínú ilé náà. Ọkùnrin á máa sọ orúkọ àwọn bàbá fún yín. Ìyá ló máa sọ pé yàrá yìí ni ìyàwó kékeré ń gbé, pé ibi tí ẹ jókòó sí yìí ni ààrò wà tẹ́lẹ̀, pé kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀ nígbà tí òun ṣègbéyàwó.

Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ilé-ẹjọ́ máa ń bèèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ìtàn ìbílẹ̀ kalẹ̀: ta ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ dó, báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti orúkọ àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ yá ìbéèrè mẹ́ta yìí lò bí ẹ kò tilẹ̀ ní ẹjọ́ kankan. Níbi tí orúkọ bá ti fò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà.

Àpótí inú yàrá bàbá

Bí mo bá ní kí n yan ọ̀nà kan ṣoṣo fún ilé tí wọ́n kọ́ láàárín 1918 sí 1976, èyí ni mo máa yàn, kì í ṣe rẹ́jísítà. Ìwé tó wà nínú àpótí páànù lábẹ́ ibùsùn, tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, máa ń sọ̀rọ̀ ju bí àwọn tó ni ín ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo risíìtì ilẹ̀ kan dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ wo owó: bí ó bá jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè, wọ́n ti kọ ọ́ kí 1973 tó dé. Ẹ wo sítáǹbù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n fọwọ́ sí kọjá lórí rẹ̀. Orí ọba tó wà níbẹ̀ ń sọ ìgbà: Jọ́ọ̀jì Karùn-ún kú ní 1936, Jọ́ọ̀jì Kẹfà kú ní 1952, lẹ́yìn náà ni ti ọbabìnrin Èlísábẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo orí ìwé: bí wọ́n bá kọ orúkọ ìjọba Ẹ̀gbá United Government síbẹ̀, àárín 1898 sí 1914 ni. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní kí ẹni tó bá wọn kọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé wọ́n ti ka ìwé náà sí onítẹ̀ka létí lédè Yorùbá. Àdírẹ́sì akọ̀wé yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí tó dára jù nínú ìwé náà, nítorí ó ń sọ àdúgbò tí wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà.

Orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí àti ti àwọn tó pààlà ṣe pàtàkì ju iye owó lọ. Risíìtì àtijọ́ kì í sọ nọ́ńbà ilé. Ó máa ń sọ pé ilẹ̀ lágbájá wà lápá ọ̀tún, ilé lámọrín lápá òsì, odò lẹ́yìn. Ìran àwọn tó pààlà yẹn lè wà níbẹ̀ dòní, wọ́n sì lè ní ìwé tiwọn tó dárúkọ ilé yín. Ìwé aládùúgbò ti já ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìwé onílé kò lè já.

Sọ́fè, ìyẹn pílánì ìwọ̀n ilẹ̀, náà bẹ́ẹ̀. Sọ́fè àtijọ́ máa ń kọ orúkọ àwọn aládùúgbò sí ẹ̀gbẹ́ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà àti éékà, ó ṣeé ṣe kó ti wà kí ọdún 1970 sí 1979 tó parí, torí ìgbà yẹn ni Nàìjíríà bọ́ sórí mítà àti hẹ́kítà. Ẹ kọ nọ́ńbà pílánì, orúkọ sọ́féyọ̀ àti ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa gbé lọ sí ọ́fíìsì Sọ́féyọ̀ Àgbà bí ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀dà tó mọ́ tónítóní. Kí ẹ sì jáde lọ wo òpó kọnkéré kékeré tí sọ́féyọ̀ rì mọ́lẹ̀ ní igun ilẹ̀. Nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú pílánì mu.

Ayédèrú wà. Bírò kò tíì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, nítorí náà ìwé 1925 tí wọ́n fi bírò kọ ní àlàyé láti ṣe. Ìwé 1968 tó dárúkọ Ìpínlẹ̀ Ògùn kò tilẹ̀ ní àlàyé kankan. Níwájú òfin, ìwé tó ti pé ogún ọdún, tó sì ti ibi tó yẹ kó wà jáde, ní ọlá kan: abala 155 òfin ẹ̀rí ti 2011 gba ilé-ẹjọ́ láàyè láti gbà pé ìfọwọ́sí inú rẹ̀ jóòótọ́ títí ẹnìkan yóò fi fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí ìwé sílẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àti bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má kó ìwé jáde nílé. Fóònù ni kí ẹ fi yà á, iwájú àti ẹ̀yìn, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, lójú ẹni tó ni ín. Nígbà mìíràn ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kọ sísan owó tó kù sí.

Ọ́fíìsì ilẹ̀: Òkè-Mosàn àti Ìbàdàn

Ibi tí rẹ́jísítà ti borí gbogbo ọ̀nà yòókù ni ìdánilójú. Bí ìwé kan bá wà níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ mọ́, ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á mọ́, kò sí pé ẹnìkan ló rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé, ẹ kò gbọ́dọ̀ fo ibẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó yàtọ̀ sí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Kò sí fáìlì tí wọ́n kọ “ilé nọ́ńbà 14, òpópónà báyìí” sí. Ìwé ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀: nọ́ńbà báyìí, ojú ìwé báyìí, ìdìpọ̀ báyìí. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ mú orúkọ ẹni tó ta tàbí ẹni tó rà wá, kí wọ́n fi wá a nínú atọ́ka. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àgbà àti àpótí: àwọn ló máa fún yín ní orúkọ tí ẹ máa gbé dé kọ̀ǹtà. Ohun tí ẹ máa mú lọ ni lẹ́tà ìbéèrè, ẹ̀dà sọ́fè bí ó bá wà, owó ìwádìí, àti sùúrù. Bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ ilé, lẹ́tà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí lọ́yà máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá.

Kí 1976 tó dé, abẹ́ Ìbàdàn ni gbogbo wa wà, nínú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lẹ́yìn náà nínú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Kọnfẹ́yáǹsì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi gbé ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́, ti ọdún 1958 lórí ilé kan ní Ìsàbọ̀ lè sọ ọ́ sínú ara rẹ̀ pé rẹ́jísítà tó wà ní Ìbàdàn ni òun wà. Ẹ ka gbólóhùn yẹn kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹni tó ń wá ìdìpọ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Mosàn lè gbọ́ pé “kò sí,” kó sì rò pé irọ́ ni ìwé bàbá òun.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mú lọ́wọ́: ọjọ́ orí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, kì í ṣe ọjọ́ orí ilé. Òfin Lílo Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978. Ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́lé sí nígboro kí òfin náà tó dé, abala 34 kà á sí pé gómìnà ti fún ẹni tó ni ín. Kò di dandan kó ní ìwé kankan lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, nígbà ìjọba gómìnà Amosun, ètò Home Owners’ Charter jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onílé tí kò ní ìwé gba C of O lórí ilé tí wọ́n ti ń gbé látọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà ilé tí bàbá bàbá ẹnìkan kọ́ lè ní C of O tó jẹ́ ọmọdé. Mo ti rí ibi tí àwọn olùrà ti fi èyí rẹ́ ìtàn gbogbo ìdí igi kan nù, tí wọ́n ní “ìwé rẹ̀ kò ju ti ẹ̀ṣín lọ.” Kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Ilé-ẹjọ́

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Bí ilé náà, tàbí ilẹ̀ tó yí i ká, bá ti lọ kóòtù rí, kò sí ibòmíràn tí ẹ ti lè rí ìtàn tó kún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó wò: ní 1940 tàbí 1962, ẹnìkan tó ti dàgbà lọ́jọ́ náà dìde nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó búra, ó sọ ẹni tó tẹ ilẹ̀ dó, ó dárúkọ ìran mẹ́rin, ó sọ ẹni tí wọ́n sin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́yà ẹnìkejì sì bi í léèrè títí ó fi sọ ohun tí kò fẹ́ sọ. Akọ̀wé kóòtù kọ gbogbo rẹ̀. Àgbà yẹn ti kú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Àwọn tó ń jà tún máa ń gbé pílánì kalẹ̀ tó fi ilé, ojúbọ, igi obì àti ibojì hàn.

Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, 1976, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìbílẹ̀, ìwé, ìṣe tó fi hàn pé ẹni náà ń lò ó bí olówó rẹ̀, gbígbé e lọ́wọ́ pẹ́, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Nítorí pé ìtàn àti ìgbé pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí, àwọn ẹbí máa ń kó gbogbo ohun tí wọ́n ní wá sí kóòtù.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tó wá sí kóòtù wá láti borí. Ẹ ka ẹ̀rí apá méjèèjì, títí kan ti ẹni tó pàdánù, nítorí adájọ́ lè kọ̀ láti gba ìtàn kan lórí ọ̀rọ̀ ìwé láìjẹ́ pé ìtàn náà jẹ́ irọ́. Àbùkù kejì ni wàhálà àtirí i. Ẹjọ́ tó bá dé òkè, ìwé ìròyìn ẹjọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni ẹ ti máa kà á. Ti kóòtù ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ẹjọ́ tàbí orúkọ àwọn tó jà, ikán sì ti bá àwọn kan jẹ. Ẹ bèèrè nọ́ńbà náà nínú àpótí. Ìwé ìpè kóòtù wà lára ohun tí ẹbí kì í sọ nù.

Ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga, ẹ tún lè rí ìwé ìhágún. Àwọn Sàró àti àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Àwọn ibi ìpamọ́ àti ara ilé fúnra rẹ̀

Àwọn ìwé Ẹ̀gbá Council, tí àwọn olùwádìí ń pè ní ECR, wà ní National Archives; iṣẹ́ ìpamọ́ ìwé yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ilé rẹ̀ tó tóbi ní ìhà tiwa wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀bẹ̀ ilẹ̀, ìjà ààlà àti ọ̀rọ̀ owó orí pọ̀ níbẹ̀. Ó dára fún ìtàn àdúgbò. Kò dájú fún ilé kan ṣoṣo. Rẹ́jísítà ìrìbọmi àti ti ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì, bíi ti Katidira Pétérù Mímọ́ ní Aké, ló yá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹbí náà bá jẹ́ onígbàgbọ́.

Kí ẹ sì wo ibojì inú ilé. Òkúta orí ibojì ní ọjọ́ tí kò yí padà: bí wọ́n bá sin ẹnìkan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní 1929, ẹbí ti ń gbé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èwo ni kí ẹ yàn?

Bí ilé bá ti wà ṣáájú 1918: àgbà àti ibojì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ilé-ẹjọ́. Ẹ má náwó sí rẹ́jísítà títí ẹ ó fi ní orúkọ. Láàárín 1918 sí 1976: àpótí ni àkọ́kọ́, Ìbàdàn ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn 1976: Òkè-Mosàn tààrà. Bí ó bá jẹ́ pé rírà ni ẹ fẹ́ ra ilé, ọjọ́ orí rẹ̀ kò kàn yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ Òkè-Mosàn lónìí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ́fíìsì Sọ́féyọ̀ Àgbà wò ó bóyá ilẹ̀ náà wà lábẹ́ èyí tí ìjọba ti gbà.

Àwọn ẹ̀rí máa ń takora. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àgbà ní ilé ti wà kí Ogun Àdùbí tó jà, risíìtì ní 1934, C of O ní 2015. Ẹ má yára pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹbí ti wà níbẹ̀ kí 1918 tó dé, wọ́n ra ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kún un ní 1934, wọ́n sì fi Charter gba ìwé fún gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n risíìtì náà: bí ó bá kéré ju ilẹ̀ tó wà nínú C of O lọ, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bára mu. Bí ìtàn ẹnu méjì bá sì takora tí kò sí ìwé rárá, ìlànà tó ti wà láti ẹjọ́ Kojo àti Bonsie, 1957, ni pé kí a fi ìṣẹ̀lẹ̀ àìpẹ́ tí ojú rí dán wọn wò: ta ló ń gba owó ilé, ta ló tún òrùlé ṣe, ta ni wọ́n gbà láàyè láti sin òkú síbẹ̀. Ẹ bi àwọn aládùúgbò, kì í ṣe àwọn onílé nìkan.